Idẹ kò dán bíi dígí, ìlà wẹ́wẹ́ kò lọ

Ọmọ Òkèèsà, Iléṣà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Idẹ pẹlẹbẹ ni, 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà, a máa fín orúkọ sí i. Sáńpépà 240 la fi bẹ̀rẹ̀ (bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni hóró rẹ̀ ṣe ń kéré tó), 600 tẹ̀ lé e, ó di kẹ̀kẹ́ aṣọ lára gráíńdà ọwọ́. Ó ń dán, àmọ́ tí oòrùn bá tàn sí i, ìlà á yọ bí èékánná ológbò. Ihò wẹ́wẹ́ tó nírù tún wà. Kí ló fà á?

Alágbẹ̀dẹ Ìrémọ, Ilé-Ifẹ̀
Ẹ ti fo àwọn nọ́ńbà kan kọjá. Ìlà 240 jìn ju ohun tí 600 lè tètè pa rẹ́. Kẹ̀kẹ́ aṣọ kàn ń dán etí rẹ̀ ni. 240, 320, 400, 600, 800, 1200, tí agbára bá ṣì wà, 2000. Inú omi ni gbogbo rẹ̀, kí ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ sí i. Ẹ fi sáńpépà wé pákó; ìka lásán máa ń gbẹ́ kòtò.

Bí 400 bá lọ ní ìbú, kí 600 lọ ní òòró. Nígbà tí ẹ ò bá rí ìlà ìbú kankan mọ́, ẹ tún lọ̀ ọ́ díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ idẹ, ẹ fọ ọwọ́, ẹ da omi nù. Hóró 240 kan ṣoṣo tó bá wọ omi 1200, iṣẹ́ ti padà sẹ́yìn nìyẹn.

Ọ̀gá Lágere
Òótọ́ ni. Ti ihò, ó lè ti wà nínú idẹ látìgbà tí wọ́n ti dà á. Lílọ̀ ọ́ sí ojú kan náà ló ń fa ìrù sí i. Ẹ máa yí idẹ padà.

Gráíńdà ọwọ́ yẹn yá jù. Ó ń yí tó ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan: idẹ á gbóná, ọṣẹ pọ́líìṣì tí ẹ fi ra kẹ̀kẹ́ aṣọ á jó mọ́ ọn dúdú. Mọ́tò orí tábìlì tó ń yí bíi 2,800 ni kí ẹ wá. Ọṣẹ búráùn ni àkọ́kọ́, funfun tẹ̀ lé e, kẹ̀kẹ́ ọ̀tọ̀ fún ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé idẹ sí ìsàlẹ̀ àárín kẹ̀kẹ́, etí idẹ kò gbọdọ̀ kọjú sí ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ń yí bọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kẹ̀kẹ́ á já a gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ o.

Bó bá jẹ́ alumíníọ̀mù lẹ fẹ́ dán lọ́jọ́ mìíràn, ó tún rọ̀ ju idẹ lọ, hóró sáńpépà máa ń há sínú rẹ̀, á yọ bí àmì dúdú. Ẹ fi kẹrosíìnì dípò omi, ẹ fọwọ́ fúyẹ́, ẹ tètè pààrọ̀ sáńpépà. Mọ́tò tó ti lọ irin, ẹ gbọn eruku rẹ̀ dànù kí alumíníọ̀mù tó kàn án. Eruku méjèèjì papọ̀ lè gbiná.

Ọmọ Òkèèsà
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Ewé ìpín àti omi òrombó ńkọ́?

Alágbẹ̀dẹ Ìrémọ
Ẹ fi ewé ìpín sílẹ̀ fún igi àti igbá, hóró rẹ̀ kò dọ́gba. Òrombó ń ṣí dúdú kúrò lóòótọ́, àmọ́ bó bá pẹ́ lára idẹ, á jẹ síǹkì tó wà nínú rẹ̀ kúrò, ojú rẹ̀ á pọ́n bíi bàbà. Ẹ fín orúkọ kí ẹ tó fi ọṣẹ funfun dán an. Ẹ wá fi ìyẹ̀fun àgbàdo àti òwú nu ọ̀rá ọṣẹ kúrò, kí ẹ kun fáníìṣì lọ́jọ́ náà gan-an. Òógùn ìka nìkan tó láti bà á jẹ́.