Àdàlù kì í ṣe àmúlùmálà: lórí orúkọ tí a fẹ́ fún fáírọ́ọ̀sì inú ohun ọ̀gbìn

Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lórí bí a ó ṣe máa fi Yorùbá sọ̀rọ̀ nípa fáírọ́ọ̀sì tó ń ba ohun ọ̀gbìn jẹ́: kí a pe fáírọ́ọ̀sì ní "kòkòrò àìfojúrí", kí a pe bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra ní "oríṣiríṣi àbùdá", kí a sì pe ohun tí wọ́n ń fojú irúgbìn rí ní "ipa àrùn". Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà tí ẹ gbé e kalẹ̀, mi ò fara mọ́ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú "kòkòrò". Nínú oko ẹ̀gẹ́, eṣinṣin funfun ló ń fa omi ara ewé tó lárùn mòsáíìkì (àrùn tó ń pín àwọ̀ ewé sí wẹ́wẹ́), òun náà ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ sára ẹ̀gẹ́ tó lera. Kòkòrò ni eṣinṣin yẹn. Tí a bá tún pe ohun tó gbé sẹ́nu ní kòkòrò, àgbẹ̀ tó bá kà á pé "ẹ fín oògùn kòkòrò" kò ní mọ èwo nínú méjèèjì là ń wí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí oògùn tí yóò fín sí ewé tí fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ yóò fi kú. "Àìfojúrí" kò yanjú rẹ̀, ojú lásán kò ṣáà rí bakitéríà náà. Àwọn kan ní ká kúkú lo "májèlé", torí ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ní nínú èdè Látìnì nìyẹn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Beijerinck, onímọ̀ ará Netherlands, gbé jáde ní 1898 ta kò ó. Ó sẹ́ omi ewé tábà tó lárùn gba inú asẹ́ tí bakitéríà kò lè là kọjá. Omi náà ṣì ran tábà mìíràn, ó sì ń pọ̀ sí i nínú ewé tó wà láàyè. Májèlé kì í bímọ. Ẹ jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì máa jẹ́ fáírọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn kòrónà, ta ni kò gbọ́ ọ rí?

"Oríṣiríṣi àbùdá" ló yọ mí lẹ́nu jù. Àbùdá ni ohun tí a lè tọ́ka sí lára nǹkan: ewé tó ká jọ, àwọ̀ pupa rúsúrúsú tó pín ewé sí wẹ́wẹ́. Fáírọ́ọ̀sì méjì lè fi àmì kan náà hàn lára ewé kí inú wọn má jọra. Nítorí náà, "ìyàtọ̀ apilẹ̀ àbùdá" ló tọ́, ìyẹn ìyàtọ̀ nínú jíìnì, àkọsílẹ̀ inú tó ń darí àbùdá. "Oríṣiríṣi" tún fẹ̀ jù. Fún fáírọ́ọ̀sì mòsáíìkì ẹ̀gẹ́ àti àwọn ẹbí rẹ̀, lẹ́tà DNA, tí a fi kọ apilẹ̀ àbùdá wọn, ni àwọn onímọ̀ ń kà: bí méjì bá jọra tó ìdá 91 nínú 100, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ọ̀tọ̀ ni orúkọ kálukú. Mo dábàá "ìran" fún ìpín ńlá yìí, kí "ẹ̀yà" wà fún ìyàtọ̀ abẹ́ ìran kan náà. Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ìlà sára ewé àgbàdo, ìran kan ni. Ẹ̀yà A nínú rẹ̀ ló ń sọ àgbàdo di aràrá, koríko inú igbó sì ni ibùgbé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀yà yòókù.

Ibi tí ìyàtọ̀ ti ń wá ló gba àlàyé jù. Èyí tó wá látinú àṣìṣe nígbà tí fáírọ́ọ̀sì ń ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀, "àṣìkọ" tó o, kò gba ariyanjiyan. Àmọ́ àwọn tó gbé àbá kalẹ̀ tún fi "àdàlù" pe nǹkan méjì tí kò jọra. Ní Kẹ́ńyà ní 2011, àgbàdo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ dànù lóko. Fáírọ́ọ̀sì àgbàdo tí wọ́n ń pè ní MCMV ló pàdé SCMV, tó jẹ́ ti ìrèké, nínú igi kan ṣoṣo. Wọn kò pààrọ̀ nǹkan kan. Kálukú dá dúró, àmọ́ àgbájọ wọn pa àgbàdo tí ọ̀kan péré ì bá kàn dá lóró. Àdàlù nìyẹn.

Ti Yùgáńdà yàtọ̀. Nígbà tí mòsáíìkì ń run ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1980, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ pa ẹ̀gẹ́ tì, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n bá nídìí rẹ̀ jẹ́ EACMV (fáírọ́ọ̀sì mòsáíìkì ẹ̀gẹ́ ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà) ní èyí tó pọ̀ jù lára. Ṣùgbọ́n àárín apilẹ̀ àbùdá tó ń ṣe ẹ̀wù tó bo fáírọ́ọ̀sì náà lára, ti ACMV (ìran mòsáíìkì ẹ̀gẹ́ mìíràn ní Áfíríkà) ni. Méjì ti di ẹyọ kan. Èyí ni mo ní ká pè ní "àmúlùmálà". Ìgbà tí àmúlùmálà yìí bá tún wà pẹ̀lú ACMV nínú igi kan náà ni ewé máa ń bàjẹ́ jù, ìyẹn àdàlù lórí àmúlùmálà. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sọ gbólóhùn yẹn! Wọ́n ní àmúlùmálà ní èébú nínú, pé "àsopọ̀" tutù létí jù. Kí ló burú nínú ká bú fáírọ́ọ̀sì?

"Ipa àrùn" kò burú fún àkọlé. Nínú àlàyé, ẹ jẹ́ ká ya iye igi tó kó àrùn sọ́tọ̀ kúrò lára bó ṣe le tó, ká sì ya méjèèjì kúrò lára irè tó ṣòfò. Àrùn ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń bá ẹ̀gẹ́ jà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà lè fi ewé sílẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, àfìgbà tí wọ́n bá hú ẹ̀gẹ́ ni wọ́n á rí i pé inú rẹ̀ ti jẹrà.

Ó ku "ìfaradà", tí wọ́n ń lò fún gbogbo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n tún ṣe. Èyí tí fáírọ́ọ̀sì kò lè ràn yàtọ̀ sí èyí tó gbé e sára tí kò kú. Igi ẹ̀gẹ́ là ń gé gbìn: bí ìwé ìléwọ́ bá kọ "àrùn kò lè ràn án" sí èyí tó kàn ń fara dà á, àgbẹ̀ á gbin fáírọ́ọ̀sì mọ́ ọn, eṣinṣin funfun á sì kó o lọ sí oko aládùúgbò.