Camry Muscle 2008 ní Kabba: ibo la ti ń rí àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò rẹ̀?

ỌmọOwé
Okun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ ra ọkọ̀ Toyota Camry 2008 kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Muscle, ní Kabba níbí, ẹnjíìnì 2.4. Ẹni tó ń tà á ní Amẹ́ríkà ló ti wá ní 2016, pé òun sì lòun kọ́kọ́ lò ó ní Nàìjíríà. Dáṣíbọọ̀dù ń ka 112,400. Ó fi ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àti roadworthiness ọdún yìí hàn mí, ó ní ẹ̀rí ti tó. Ṣé lóòótọ́ ló tó? Báwo ni mo ṣe lè rí àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe fún un lókè òkun?

Àgbà Mopa
Àbúrò, okun o. Roadworthiness kì í ṣe ẹ̀rí ẹnjíìnì. Ọjọ́ tí wọ́n gbà á àti ọjọ́ tó máa kú ló wà lára rẹ̀. Kò sọ bóyá ọkọ̀ ń mu ọ́ìlì tàbí bóyá wọ́n ti jó ìdí rẹ̀ pọ̀. Ti kọ́sítọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ owó ibodè nìkan ló ń sọ.

Ṣéésì nọ́ḿbà ni kí o dì mú, ara ọkọ̀ sì ni kí o ti kọ ọ́, kì í ṣe inú ìwé. Ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá òsì, ó tún wà lára sítíkà òpó ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu, kí wọ́n sì bá ìwé mu. Lẹ́tà àti nọ́ḿbà 17 ni. Kò sí I, O tàbí Q níbẹ̀ rárá, nítorí náà ohun tó bá jọ O, òdo ni. Camry 2.4 tí wọ́n ṣe ní Kentucky máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4T1BE46K; èyí tó wá láti Japan, JTNBE46K. Ẹyọ kẹwàá ló ń sọ ọdún, 8 sì ni 2008. Tó bá jẹ́ 7 lo rí, ọkọ̀ 2007 ni wọ́n fẹ́ gba owó 2008 lé lórí.

Tẹ gbogbo rẹ̀ sínú Google láàárín àmì ìfàyọ. Bó bá ti gba ọjà gbàǹjo Copart tàbí IAAI kọjá, fọ́tò bó ṣe fọ́ sábà máa ń jáde. NICB VINCheck, ojú ìwé kan ní Amẹ́ríkà, ń sọ bóyá wọ́n jí i tàbí bóyá ó ti di salvage (ọkọ̀ tí wọ́n kà sí èyí tó ti bàjẹ́ jù) lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìbánigbófò. Ojú ìwé NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà, ń sọ recall (àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ ké sí ọkọ̀ padà fún) tí wọn ò tíì ṣe: Camry 2007 sí 2009 wà lára àwọn tí Toyota ké sí padà ní 2012 nítorí swíìṣì gíláàsì ilẹ̀kùn dírẹ́bà tó lè gbóná débi pé á jó. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Carfax àti AutoCheck, tí wọ́n ń ta ìròyìn ìtàn ọkọ̀, ló ń gbowó, ibẹ̀ sì ni àyẹ̀wò ọdọọdún wà.

Bí o bá ti rí i, fa ọjọ́ àti máìlì inú rẹ̀ jáde, kí o tò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Pennsylvania, Virginia, New York àti Massachusetts máa ń yẹ ọkọ̀ wò lọ́dọọdún, máìlì sì máa ń wọlé sí àkọsílẹ̀ nígbà náà. Florida àti Michigan kì í ṣe é, nítorí náà bí ti ibẹ̀ bá ṣófo, kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Àmọ́ ọkọ̀ Pennsylvania tí kò ní àyẹ̀wò fún ọdún mẹ́ta, ó níbi tó sùn sí. Bí o bá tún rí "not actual mileage" (máìlì yìí kì í ṣe òótọ́) níbikíbi, má ka dáṣíbọọ̀dù yẹn sí mọ́.

Máìlì sì ni 112,400 yẹn, ó lé ní 180,000 kìlómítà. Tí àkọsílẹ̀ 2016 bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ti yí i padà. Tó bá jẹ́ 110,000 ló wà níbẹ̀, á jẹ́ pé máìlì 2,400 péré ló rìn láti ìgbà náà. Ta ló ń lo ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Kogi?

Rẹ́wáyà Ìsánlú
Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ kò yẹ kó kọ́kọ́ náwó sí Carfax. Etí òkun ni ìròyìn yẹn parí sí. Gbogbo ohun tójú ọkọ̀ náà ti rí láti 2016, kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ skáànù rẹ̀. ELM327, skánà kékeré tí wọ́n ń so mọ́ fóònù, náà á ṣe é. Ẹ má wo kòòdù nìkan, torí ẹni tó ń tà lè ti pa á rẹ́ láàárọ̀. Ẹ wo ibi tó ń jẹ́ readiness monitors, ìyẹn àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń ṣe fún ara rẹ̀, pàápàá ti catalyst (tó ń fọ èéfín mọ́), oxygen sensor àti EVAP (tó ń dá oru epo dúró). Tí wọ́n bá wà ní "incomplete" (kò tíì parí), ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti pa kòòdù rẹ́ láìpẹ́. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ọkọ̀ 2001 sókè tí ju ẹyọ kan lọ bá ṣì wà ní incomplete kì í yege àyẹ̀wò èéfín. Skánà náà tún lè ka ṣéésì nọ́ḿbà jáde láti inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Ẹ fi wé ti ara ọkọ̀.

Àléébù ẹnjíìnì yẹn gan-an sì ni mímu ọ́ìlì. Ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára pístìnì rẹ̀ kéré, ó máa ń dí, ríìǹgì ò sì ní lè ha ọ́ìlì kúrò mọ́. Toyota gbà pé ó ti kọjá ààlà tó bá mu bíi lítà kan láàárín 1,900 kìlómítà, wọ́n sì pààrọ̀ pístìnì àti ríìǹgì fún ọ̀pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà nínú Carfax rẹ̀, àǹfààní ńlá ni. Ní Kabba níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnjíìnì máa ṣiṣẹ́ lójú kan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹnì kan wá fi ẹsẹ̀ tẹ iná fún un lójijì, kí ẹ̀yin wà lẹ́yìn. Èéfín tó bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ni. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ wo bóyá ọ́ìlì wà lórí wọn. Ẹ fa géèjì yọ: ọ́ìlì 5W-20 ló yẹ kó wà níbẹ̀, lítà 4.3. Bó bá ki bíi 20W-50, ẹ béèrè ìdí rẹ̀.

ỌmọOwé
Ẹ ṣeun gan-an. Ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bí skánà bá fi incomplete hàn, bátìrì tuntun lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i.

Rẹ́wáyà Ìsánlú
Ó lè rí bẹ́ẹ̀, yíyọ bátìrì náà máa ń nu monitors. Ẹ ní kó má yọ ọ́ mọ́. Ẹ tan ẹnjíìnì rẹ̀ láàárọ̀ nígbà tó ti tutù, ẹ wà á lọ sí Ọbájánà, kí ẹ wà á bọ̀; kìlómítà 43 ni títì kọnkéré náà ní àlọ, ó sì gba kéèyàn wa ọkọ̀ ní eré kan náà. Kí epo tó wà nínú táǹkì má kún, kó má sì kéré ju ìdá mẹ́rin lọ. Ẹ tún un skáànù. EVAP lè pẹ́. Àwọn yòókù, ọ̀pọ̀ wọn á ti parí. Bí catalyst bá kọ̀ láti parí lẹ́yìn ìrìn bíi mẹ́ta, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ bátìrì mọ́.

Títì Ọbájánà kì í fi ṣọ́ọ̀kì tó ti kú hàn o. Ẹ gbé e gba ọ̀nà tó ní kòtò padà.

Panẹ́bítà Ẹ̀gbẹ̀
Omi ni kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu kan. Ẹ fa síìtì bẹ́líìtì dírẹ́bà jáde títí dé òpin: ẹrẹ̀ máa ń gbẹ síbi tí ọwọ́ wọn kì í dé láti fọ̀. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì búútù sókè, ẹ wo kòtò síípéà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí àga, ẹ wo nọ́ọ̀tì tó dè é mọ́lẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì inú ọkọ̀ bá dípẹtà ju ti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ, omi ti wọ inú rẹ̀ rí, kí Carfax tiẹ̀ máa sọ ti ẹ̀. Ẹni tí kò ní ìbánigbófò kì í ròyìn fún ẹnikẹ́ni.

Fún ìjàǹbá, ẹ wo nọ́ọ̀tì fẹ́ńdà àti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tí ọ̀dà orí wọn bá ti bó, ẹnì kan ti tú u rí. Ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ sí igun gíláàsì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú. Iwájú lè yàtọ̀ torí òkúta, àmọ́ bí ti ẹ̀gbẹ́ kan bá yàtọ̀ látòkè délẹ̀, ẹ̀gbẹ́ yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́.

Àgbà Mopa
Ti pé òun lòun kọ́kọ́ lò ó: fi ọjọ́ tó wà lórí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù wé ọjọ́ tó wà lórí proof of ownership, kí orúkọ sì bá ti ẹni tó dúró níwájú rẹ mu. Ẹ tẹ nọ́ḿbà pléètì sórí ojú ìwé NVIS, àkọsílẹ̀ nọ́ḿbà ọkọ̀ ti FRSC (àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó), kí ẹ rí irú ọkọ̀ tó jáde. Owó change of ownership, ẹ sọ ẹni tó máa san án kí ẹ tó ná ọjà.