Erin-Ìjẹ̀ṣà, Ìkógòsì àti Ìdànrè: ibo ni ká sùn sí?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀.

Ìbàdàn là ń gbé, lápá Mọ́níyà. Èmi, ìyàwó mi, ọmọ méjì àti màmá mi fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́ta gbafẹ́ nígbà ọlidé. A fẹ́ wo omi Olúmirìn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, ká dé Ìkógòsì níbi tí omi gbígbóná àti tútù ti ń pàdé, ká wá parí ẹ̀ sí òkè Ìdànrè. Àtẹ̀gùn Ìdànrè lé ní 600, orúnkún màmá ò sì gbà á. Wọ́n ní àwọn á jókòó nísàlẹ̀, àwọn á máa jẹ gúgúrú àwọn.

Lẹ́ẹ̀kan, mo sanwó yàrá fẹ́nì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí a débẹ̀, mo na fóònù sí ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà pé kó wo rìsíìtì. Ó wojú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, a ò mọ orúkọ yìí o." Látìgbà yẹn, èmi fúnra mi ni mò ń pe òtẹ́ẹ̀lì. Mo ti pe mẹ́rin, méjì ló gbé e. Mo tún bá dírẹ́bà kan sọ̀rọ̀, owó tó pè, àfi bíi pé ó fẹ́ ta ọkọ̀ ọ̀hún fún mi ni! Ọkọ̀ wa la máa gbé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rin ọ̀nà yìí rí: ṣé ká sun Àkúrẹ́ lálẹ́ méjèèjì, ká máa tibẹ̀ lọ ká máa bọ̀, àbí ká kọ́kọ́ sun Ìkógòsì, ká tó kó ẹrù lọ sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ kejì?

Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀ o.