Ta ló wà lábẹ́ aṣọ yìí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa àwòrán títẹ̀, ẹ bá mi wo èyí. Wọ́n kọ 14/50 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà kẹrìnlá nínú 50. Ẹnì kan jókòó, aṣọ bo ojú rẹ̀ pátá, àfi etí kan tó yọ síta pẹ̀lú yẹtí. Àbẹ́là tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èéfín ṣì ń rú. Mo mọ̀ pé irú àbẹ́là bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dúró fún ikú nínú àwòrán Yúróòpù àtijọ́. Aṣọ yẹn ló rú mi lójú: ṣé ọ̀fọ̀ ni, àbí wọn ò fẹ́ ká dá ẹni náà mọ̀ ni? Kí ló wá dé tí wọ́n fi yẹtí sílẹ̀?