Ẹ̀yin tó ń ya àwòrán tàbí tó ń ṣètò eré fún géèmù, báwo lẹ ṣe wọlé? Ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Mushin:

Ẹ kú ilé o. Àwọn àbúrò ò yéé bi mí pé ibo ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ géèmù. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà fi tiyín lé e.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó ń kọ lẹ́tà sára danfo ni mo ti kọ́kọ́ di búrọ́ọ̀ṣì mú. Awakọ̀ á sọ ohun tó fẹ́, ọ̀gá á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, èmi á kun inú rẹ̀. Nígbà tí mo wọ poli ni mo gba Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán 3D (èyí tó ṣe é wò yí ká), sórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan. Ọ̀fẹ́ ni, láti ọdún 2002 tí wọ́n ti tú kóòdù rẹ̀ síta fún gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Fídíò YouTube ni mo fi kọ́ ọ, lóru, torí òru ni dátà máa ń dínwó. Ẹ sì mọ bó ṣe ń rí: iná á lọ láìkìlọ̀, bátìrì tòkunbọ̀ ò sì ní sùúrù fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ sọ dáadáa. Ilé iṣẹ́ kékeré kan l'Ékòó ń ṣe géèmù ọkọ̀ wíwà fún fóònù. Wọ́n ní kí n ṣe danfo kan wá, àmọ́ kò gbọdọ̀ ju 1,500 triangle lọ, àwòrán kan ṣoṣo tó jẹ́ píkísẹ́lì (àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán) 512 sí 512 ni kí n sì fi wọ̀ ọ́ láṣọ. Fún ẹ̀yin tí ò mọ̀: gbogbo ohun tí ẹ ń rí nínú géèmù 3D, igun mẹ́ta kéékèèké ni wọ́n tò pọ̀. Fóònù ló máa ń ya gbogbo wọn, bí ìgbà 30 tàbí 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọ́n bá ti pọ̀ jù, fóònù á gbóná, géèmù á máa fà tìkọ̀, ẹni tó ń gbá a á sì yọ ọ́ dànù. Fóònù Android olówó pọ́ọ́kú ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń ṣe é fún.

Nítorí náà, mi ò fi triangle ṣe bóòtù, mi ò fi ṣe ọwọ́ ilẹ̀kùn. Yíyà ni mo ya gbogbo wọn sórí àwòrán yẹn, títí kan ibi tí irin ti dípẹtà. Táyà náà, ẹ̀gbẹ́ mẹ́wàá péré ni mo fún un. Téèyàn ò bá tẹjú mọ́ ọn, róbótó ló máa rí i. Kí àyè lè tó, mo jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ òsì àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mọ́tò jọ máa lo ojú kan náà lórí àwòrán. Yẹ́lò àti ìlà dúdú kò ní wàhálà, ìhà méjèèjì jọra. Àmọ́ danfo kì í ní ilẹ̀kùn èrò lósì, ọ̀tún tí kọ́ńdọ́ ń so mọ́ nìkan ni. Lẹ́tà tún wà ńbẹ̀: bí "Olúwa Ṣeun" bá ṣe é kà lọ́tùn-ún, òdì ló máa hàn lósì. Mo gé ibi lẹ́tà àti ibi ilẹ̀kùn kúrò, mo wá àyè tiwọn fún wọn, mo fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà.

Nígbà tí mo fi ránṣẹ́, ọ̀gá ibẹ̀ ò béèrè sátífíkéètì. Ó ní kí n ṣí i lójú òun kí òun rí bí ìlà àwọn triangle yẹn ṣe lọ, ó wá bi mí ìdí tí lẹ́tà fi ní àyè tirẹ̀. Mo ṣàlàyé. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù tó tẹ̀ lé e.

Mo máa ń rí iṣẹ́ àwọn àbúrò lórí ArtStation, ìkànnì tí àwọn ayàwòrán ti ń fi iṣẹ́ wọn hàn: ojú ánímé (àwòrán eré àwọn ará Japan), ojú ánímé, ojú ánímé. Ó rẹwà o, mi ò bú yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba èèyàn síṣẹ́ fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí ẹ ṣe lè wọnú Unity tàbí Godot, àwọn ètò tí wọ́n fi ń to géèmù pọ̀, láìjẹ́ pé ẹlòmíì tún un ṣe. Agolo mílíìkì kan tó ti wà nínú géèmù tó ń ṣiṣẹ́ lè mú kí wọ́n pè yín ju gbogbo ojú yẹn lọ.

Tíṣà Abẹ́òkúta:

Ẹ̀gbọ́n Mushin, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ò lè ya ewúrẹ́ kó jọ ewúrẹ́, iṣẹ́ géèmù ni mo sì fi ń jẹun. Ayàwòrán ọ̀tọ̀, ẹni tó ń ṣètò eré ọ̀tọ̀. Tèmi ni kí n gbé òfin kalẹ̀: kí lẹni tó ń ṣeré lè ṣe, kí ló lè pàdánù, ìgbà wo ni nǹkan á le, ìgbà wo ni á tu ú lára.

Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ tẹ́lẹ̀. Ọpọ́n ayò ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin. Mo bi ara mi pé bí a bá sọ ọ́ di mẹ́ta mẹ́ta ńkọ́? Eré yára parí, àmọ́ kò rọrùn mọ́ láti kó odù jọ, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀ta àti òpè sì dínkù lójú tèmi. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo yí o. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti wọ̀ mí lára.

Lẹ́yìn náà ni mo gé páálí, mo ṣe eré tèmi, mo gbé e fún àwọn ọmọ kíláàsì, mo wá pa ẹnu mọ́. Ẹnu pípa mọ́ yẹn ló ṣòro jù. Ọmọ kan di káàdì mú, ó ń wo ojú mi, ó ń retí kí n sọ ohun tó kàn. Mi ò sọ. Ibi tó dúró sí yẹn ni òfin mi ti ṣókùnkùn, ibẹ̀ ni mo sì padà lọ tún kọ.

Nígbà tó yá, mo dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń ṣe Global Game Jam. Láti 2009 ni wọ́n ti ń ṣe é lọ́dọọdún: wọ́n á fún yín ní kókó kan, ẹ ó fi bíi wákàtí 48 ṣe géèmù lé e lórí. Ẹni tó ń kọ kóòdù tiwa fẹ́ ìjà, ó fẹ́ ọjà, ó fẹ́ ẹṣin. Èmi ni mò ń yọ nǹkan kúrò. Ẹṣin lọ, ọjà lọ, ohun tó kù wá ṣe é gbá. Ìyẹn ni mo fi wáṣẹ́: géèmù kékeré náà lórí itch.io (ìkànnì tí àwọn tó ń ṣe géèmù ti ń gbé tiwọn síta), ojú ìwé kan tó ṣàlàyé òfin rẹ̀, àti àwòrán ìpele kan kí n tó tún un ṣe àti lẹ́yìn tí mo tún un ṣe. Ẹ̀yin tó wà nílé, ẹ wo GameUp Africa, ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ilé iṣẹ́ géèmù Maliyo Games dá sílẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Èkó ni Maliyo wà, láti 2012 ni wọ́n sì ti ń ṣe géèmù.

Ọmọ Ẹdẹ:

Ẹ má gbàgbé ìdánwò ọ̀fẹ́ o! Ilé iṣẹ́ kan lókè òkun (mi ò ní dárúkọ wọn) ní kí n ya jagunjagun kan, aṣọ mẹ́ta, iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́, kí n kun gbogbo rẹ̀ tán. Kò sówó. Mo fi ránṣẹ́, wọn ò fèsì títí dòní. Ti ẹ̀gbọ́n Mushin yẹn, ohun kékeré kan ṣoṣo ni, ìyẹn bójú mu. Bó bá ti ń jọ ohun tí wọ́n fẹ́ lọ tà, èmi máa ń béèrè iye tí wọ́n máa san kí n tó mú pẹ́ẹ̀nì. Àwọn kan máa ń san. Èyí tó bá bínú, kó máa lọ. Owó òkè òkun tèmi, Payoneer, ìkànnì ìgbowó kan, ni mo fi ń gbà á.

Ìyá Ìbejì, Dundee:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Dundee ní Scotland ni mo wà, níbi tí Yunifásítì Abertay ti bẹ̀rẹ̀ dìgírì géèmù kọ̀ǹpútà ní 1997. Kẹ́nikẹ́ni má rò pé béèyàn bá ti gúnlẹ̀ síbí, iṣẹ́ ti dé. Ní 2023 àti 2024, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ géèmù ni wọ́n dá dúró káàkiri ayé, àwọn ọ̀jẹ̀ wá ń bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ du ipò kéékèèké.

Ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo gbà wọlé: QA, ìyẹn àwọn tó ń gbá géèmù tí kò tíì parí kí wọ́n lè rí àléébù rẹ̀. Ó máa ń súni. Ẹ ó máa rìn lára ògiri kan náà láàárọ̀, ẹ ó tún rìn ín lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá èèyàn lè gba inú rẹ̀ já bọ́. Àmọ́ ó jẹ́ kí n wà nítòsí àwọn tó ń ṣe UI, ìyẹn mẹ́núù àti bọ́tìnnì, mo sì ń bi wọ́n léèrè. Mo wá ṣe mẹ́núù kan ní Yorùbá. Áà! Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé, ni kò gbé "ẹ́" dáadáa: àmì ohùn á sá lọ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, tàbí kí àpótí òfìfo jókòó síbi tó yẹ kí lẹ́tà wà. Ìdí ni pé "é" ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode (ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà), "ẹ́" ò ní. Ṣe ni wọ́n ń lẹ àmì mọ́ ọn. Èdè oríṣiríṣi ni mò ń ṣe é fún báyìí, Jámánì tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń gùn ju bọ́tìnnì lọ, Lárúbáwá tó ń ti ọ̀tún lọ sósì. Kò sí èyí tó tíì yọ mí lẹ́nu tó Yorùbá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìlọrin:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Èmi ò ní kọ̀ǹpútà o, fóònù nìkan. Ṣé kí n dúró dìgbà tí mo bá ra ọ̀kan?

Ọmọ Mushin:

Má dúró. Ti Blender, ó dìgbà tówó bá dé. Àmọ́ ibisPaint, áàpù tí wọ́n fi ń yàwòrán, ń ṣiṣẹ́ lórí Android, Godot náà sì ti ní èyí tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú fóònù há fún un. Máa ya nǹkan kéékèèké tó jẹ́ píkísẹ́lì 32 sí 32: garawa, àdá, kẹ̀kẹ́ Maruwa. Má lò ju àwọ̀ mẹ́jọ lọ. Gbé e síbí ká jọ wò ó. Tíṣà, ṣé eré páálí yẹn ṣì wà? Akẹ́kọ̀ọ́ yìí lè bá yín ya káàdì rẹ̀.

Tíṣà Abẹ́òkúta:

Ó wà. Mo máa sanwó rẹ̀ o, kí Ọmọ Ẹdẹ má bàa bá mi jà.