Àbọ̀ lórí ìbéèrè mi nípa másítà ètò ìlú: mo ti rí ìdáhùn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìmọ̀ràn o. Mo béèrè nígbà yẹn pé ṣé ẹni tó ka Jọ́gíráfì lè ṣe másítà nínú ètò ìlú àti ìlò ilẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Yunifásítì Ìbàdàn ti gbà mí, mo sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n kọ́kọ́ ka Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978, ẹ ṣeun gan-an. Òfin náà fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ọwọ́ mọ̀lẹ́bí àti ọmọ onílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ti ń ra ilẹ̀. Ilé á ti kan òrùlé kí wọ́n tó rántí ìwé àṣẹ ìkọ́lé.

Odò Ògùnpa ni mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí. Ó kún bo ilé, ó pa èèyàn ní oṣù kẹjọ ọdún 1980. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún gbé èèyàn àti afárá lọ n'Ìbàdàn. Mo lọ wo etí odò náà lọ́sẹ̀ tó kọjá: ògiri ilé kan wà létí omi gbọnrangandan, ọ̀rá píọ́ wọ́tà sì ti dí abẹ́ afárá. Òjò nìkan kọ́ ló ń pa wá. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an ni.

Ẹ̀yin tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ béèrè dáadáa bóyá TOPREC, ìgbìmọ̀ àwọn olùṣètò ìlú ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ wọ̀, torí àwọn ló ń forúkọ olùṣètò ìlú sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Mo ti ìbéèrè mi pa síbí.