Ìsọdàgbéléwò àti fíìmù akónilọ́kànsókè: èsì sí àbá tó wà nílẹ̀

Ẹ̀yin àgbà èdè àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Àbá tó wà níwájú wa ni pé kí a máa pe fíìmù tó ń dẹ́rù bani, tí wọ́n mú ìtàn rẹ̀ láti inú ìwé, tí wọ́n sì wá gbé jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì tàbí díìsìkì kí àwọn èèyàn lè wò ó nílé, ní "ìtúmọ̀ eré ẹlẹ́rù lórí àgbéléwò". Mo fara mọ́ àgbéléwò, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ìyókù. Fíìmù kan pàtó ni mo fẹ́ fi wọn àbá náà wò, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a kò tíì lò nínú gbólóhùn kì í fi àléébù rẹ̀ hàn.

Fíìmù náà ni Ring, tí Hideo Nakata darí, tó jáde ní sinimá ní ilẹ̀ Japan ní ọdún 1998. Inú ìwé ìtàn-àròsọ tí Koji Suzuki gbé jáde ní 1991 ni wọ́n ti mú un. Ìtàn kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan ni: ẹni tó bá ti wò ó, ọjọ́ méje ló kù fún un láyé.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí "ìtúmọ̀" bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé Suzuki, ọkùnrin ni akọ̀ròyìn tó ń tọpa kásẹ́ẹ̀tì náà. Nínú fíìmù Nakata, obìnrin ni. Bí Sadako, òkú obìnrin tó wà nídìí ègún kásẹ́ẹ̀tì náà, ṣe rá jáde láti inú tẹlifíṣọ̀n, ìyẹn ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ fíìmù náà jù lọ, kò sí nínú ìwé rárá. Bí ògbufọ̀ bá dán irú èyí wò, a ó ní ó purọ́ mọ́ òǹkọ̀wé, bẹ́ẹ̀ olùdarí fíìmù ṣe é, a sì yìn ín. Àpẹẹrẹ tiwa náà wà nílé. Gẹ̀ẹ́sì ni Amos Tutuọlá fi kọ ìwé ọ̀mùtí rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, tó jáde ní 1952, Kọ́lá Ògúnmọ́lá sì gbé e sórí ìtàgé ní èdè Yorùbá ní 1963. Iṣẹ́ méjì ló pàdé níbẹ̀: títú èdè kan sí òmíràn, àti sísọ ìwé di eré. Bí orúkọ kan ṣoṣo bá wà fún méjèèjì, báwo ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé ohun tí Ògúnmọ́lá ṣe?

Ìsọdifíìmù ni mo fi sílẹ̀ fún èyí tó kan fíìmù, ìsọderé fún ti orí ìtàgé. Ẹnìkan ti sọ pé "sọ di" máa ń pa ohun àkọ́kọ́ rẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀: ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onígírámà wa ti ń lo ìsọdorúkọ fún sísọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n sì sọ dorúkọ ṣì wà níbi tó wà.

Ìpìlẹ̀ kan náà ló bí ìsọdàgbéléwò, ìyẹn gbígbé fíìmù tó ti jáde ní sinimá wá sórí ohun tí a lè wò nílé. Láti ìgbà tí àwọn òṣèré wa ti kọjú sí fídíò ní àwọn ọdún 1990, fíìmù tí wọ́n ṣe fún ilé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àgbéléwò ń tọ́ka sí létí ọ̀pọ̀ wa. Nítorí náà, bí mo bá ní Ring jẹ́ àgbéléwò, irọ́ ni mo pa; ńṣe ló di àgbéléwò. Ẹwà ọ̀rọ̀ náà ni pé kò dárúkọ ẹ̀rọ kankan: kásẹ́ẹ̀tì fídíò VHS tí iléeṣẹ́ JVC gbé jáde ní 1976 lọ, DVD dé, ọ̀rọ̀ kò yí padà. (Ẹni tó ń wò ó lórí fóònù nínú ọkọ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró ná.)

Ọ̀ràn tó le jù ni "ẹlẹ́rù". Lákọ̀ọ́kọ́, oní àti ẹ̀rù kì í di ẹlẹ́rù, ẹlẹ́ẹ̀rù ni wọ́n ń dì. Ẹlẹ́rù ni ẹni tó ni ẹrù, eré ẹlẹ́rù yóò sì mú èèyàn ronú kan ibùdókọ̀. Adẹ́rùbani ti wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, ó sì tó. Ṣùgbọ́n ìdẹ́rùbà nìkan kọ́ ló wà nínú Ring. Ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀ nínú rẹ̀. Kíka ọjọ́ méje náà lọ́kọ̀ọ̀kan ni kì í jẹ́ kí òǹwòran sinmi. Àwọn kan ti dá "amúnifojúsọ́nà" lábàá fún èyí, àmọ́ àlejò tí a fẹ́ràn ni a ń fojú sọ́nà fún, kì í ṣe ikú. Ohun tí àwa Yorùbá ń sọ ni pé nǹkan kó wa lọ́kàn sókè, ibẹ̀ ni mo ti mú akónilọ́kànsókè. Àwọn kan ní yóò jọ àdúrà, nítorí pé àlùfáà máa ń ní kí ìjọ gbé ọkàn sókè. Gbé nìyẹn, kó nìyí: ẹni tó gbé ọkàn sókè fúnra rẹ̀ ló gbé e, ẹni tí wọ́n kó lọ́kàn sókè kò bẹ̀ wọ́n.

Gbólóhùn wa yóò wá lọ báyìí: "Ìsọdàgbéléwò Ring, fíìmù adẹ́rùbani akónilọ́kànsókè tí Nakata mú láti inú ìwé Suzuki." Mo gbà pé akónilọ́kànsókè gùn, àwọn kan yóò sì fẹ́ gé e sí akọ́kànsókè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ "ni" náà, nítorí pé akọ́kànsókè ni ẹni tó ń kó ọkàn ara rẹ̀ sókè, òǹwòran nìyẹn, kì í ṣe fíìmù.